Màláíkà Kì Í Kọ Àdàpè

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tí kì í ṣi orúkọ ẹrú Rẹ̀ pè. Òun ló fún wa ní ìyá àgbà, Òun náà ló gbà á padà, a kò sì bá A jà. Àwọn ènìyàn ni mo fẹ́ bá jà.

Ní ọjọ́ tí a sin Màmá Àgbà, ọkùnrin kan dìde níwájú mọ́ṣáláṣí, ó gbé ohùn sókè, ó ní, "Àlàájà Ráfíátù tó fi wá sílẹ̀ yìí, obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Kí Ọlọ́run kẹ́ Ráfíátù." Gbogbo ènìyàn ṣe àmín. Mo wo ìyá mi, ìyá mi wo ilẹ̀.

Kò jẹ́ Ráfíátù. Ráliátù ló ń jẹ́, Ráliátù Àbẹ̀kẹ́, aya Sálámì, ọmọ bíbí Ìsẹ́yìn, nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ajégúnlẹ̀. Kì í ṣe Àlàájà. Ìsẹ́yìn ni ibi tó jìnnà jù tó rìn dé láyé rẹ̀. Kì í sì í ṣe obìnrin jẹ́jẹ́. Ó jà. Orí ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe níwájú òkú rẹ̀ gan-an ló jà lé: kí wọ́n mú orúkọ tí kì í ṣe ti ènìyàn gbé ka ènìyàn lórí, kí gbogbo àwùjọ sì ṣe àmín.

Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí. Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀ kí n tó kọ ọ́ tán.

Ìjà orúkọ ti pẹ́ lára rẹ̀. Nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn ní òun kò lè máa ká ahọ́n kò nítorí Ráliátù. Ó kọ Rachel sínú ìwé, ó ní bẹ́ẹ̀ ni kí gbogbo wọn máa pè é. Tí wọ́n bá ń pe orúkọ láàárọ̀, tí wọ́n dé orí Rachel, Màmá Àgbà á dákẹ́. Wọ́n á fi ìyà jẹ ẹ́. Á fọ ilẹ̀, á fọ àwo ìgbẹ́ aláìsàn, tó bá tún di ọjọ́ kejì, á tún dákẹ́. Ọ̀gá náà wá dúró tì í lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé kò gbọ́ pé òun ń pè é ni. Tí Màmá Àgbà bá ń sọ ìtàn yìí fún wa, tó bá dé ibí, á gbé àgbọ̀n sókè, á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ ilé-ìwé:

"Mo gbọ́, mà. Mò ń wẹ̀yìn ni, bóyá Rachel ń bọ̀."

Wọ́n padà kọ Ráliátù.

Ibi tí ìbínú rẹ̀ ti máa ń le jù ní wọ́ọ̀dù ni ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí wọ́n ń fi ìwé kọ́ sí, tí wọ́n ń kọ ooru ara aláìsàn sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó dé ibi bẹ́ẹ̀dì kan láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ka ìwé: ooru ara dára, kò sí ibà. Ó gbójú sókè, kò sí aláìsàn. Awakọ̀ lọ́rì kan láti Creek Road ni aláìsàn náà. Ó ti yọ́ jáde láti ìdájí lọ jẹ ẹ̀bà ní ọjà Boundary. Bí wọ́n ṣe ń wá a, ó wọlé, ó ń nu ẹnu.

"Sister, abeg no vex," ó ní. "Hungry catch me."

Màmá Àgbà kò wò ó. Nọ́ọ̀sì kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló kọjú sí. "Ooru ara ta lo kọ síbí?"

"Tiwọn ni, mà."

"Nígbà tí wọ́n wà ní Boundary?"

Ọmọ náà na ọwọ́ láti mú ìwé náà.

"Ara bẹ́ẹ̀dì lo wọ̀n. Ó dáa, bẹ́ẹ̀dì ò ní ibà. Sọ fún bẹ́ẹ̀dì kó máa lọ sílé."

Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sunkún, Màmá Àgbà kò sì bẹ̀ ẹ́. N kò sọ pé ó dára kó máa ṣe ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí ni mo ń sọ. Lójú rẹ̀, ẹni tó bá kọ ohun tí kò rí ti purọ́ mọ́ ẹni tí kò lè dìde gbèjà ara rẹ̀. Ó máa ń sọ pé, "Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin ò wo nǹkan kan kí ẹ tó kọ̀wé."

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa olóòótọ́. Nílé, obìnrin yìí kan náà kì í gbà kí ìyàwó pe ẹnikẹ́ni ní orúkọ rẹ̀. Ìlànà ilé Ìsẹ́yìn ló mú wá sí Ajégúnlẹ̀, kò sì jẹ́ kí ó ṣá. Òun fúnra rẹ̀, Bàbá Múfú ló ń pe Bàbá Àgbà. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Àgbà, Bàbá Ìsẹ́yìn ló ń pè é. Ó kúrò ní ibi iṣẹ́ tó ti ń fi orúkọ bá ènìyàn jà, ó dé ilé tí orúkọ ti jẹ́ èèwọ̀, kò sì sí èyí tó di èkejì lọ́wọ́ nínú méjèèjì.

Bàbá mi ni Múfú, àkọ́bí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ìyá mi wọlé, àbúrò bàbá mi, Bọ̀ọ̀dá Làsísì, ṣì ń lọ sí ilé-ìwé. Ìyá mi jù ú lọ dáadáa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi ké láti ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Làsísì, wá bá mi gbé omi."

Màmá Àgbà jáde láti ilé ìdáná, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta lo pè?"

"Làsísì ni, mà."

"Ṣé ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ ni? Ó ti wà nílé yìí kó o tó dé. Ọkọ rẹ ni."

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Màmá Àgbà na ṣíbí sí ọmọ náà tó dúró tí ó ń rẹ́rìn-ín, dúdú tó ń dán bí ẹni fi òrí para. "Wò ó. Wá orúkọ tó dùn fún un."

Ìyá mi wò ó, ó ní, "Dúdúyẹmí."

Inú Màmá Àgbà dùn. Ó ní ìyàwó òun gbọ́n. Orúkọ náà sì mọ́ Bọ̀ọ̀dá Làsísì lára dé ibi pé àwọn kan ní àdúgbò kò mọ̀ pé ó ní òmíràn.

Ohun tí ìyá mi kò mọ̀, nítorí pé ó ṣẹlẹ̀ kó tó wọlé wa, ni pé abẹ́rẹ́ ti fẹ́ pa Bọ̀ọ̀dá Làsísì rí. Ọ̀nà ọ̀fun ló ń dùn ún, wọ́n fún un ní pẹnisílìn, ojú rẹ̀ wú, èémí rẹ̀ há. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Lọ́jọ́ náà, Màmá Àgbà mú káàdì rẹ̀, ó mú bírò pupa, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé wọn kò gbọdọ̀ fún un ní pẹnisílìn láé, ó sì fa ìlà sí i nídìí títí bébà fi fẹ́ ya. Ó fi káàdì náà sínú àpótí káàdì ní ilé ìwòsàn rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọmọ náà, Làsísì Sálámì. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó sọ fún Bàbá Àgbà pé, "Bí mi ò bá tilẹ̀ sí níbẹ̀, káàdì yìí á bá mi sọ̀rọ̀."

Káàdì náà kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Bọ̀ọ̀dá Làsísì ti di ọkùnrin nígbà náà, ó ń já ẹrù ní wáàfù Àpápá. Irin gún un lẹ́sẹ̀, ó ní kò sí nǹkan. Ẹsẹ̀ wú, ibà dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí lórí ẹní. Màmá Àgbà ti lọ sí Ìsẹ́yìn lọ tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá. Bàbá mi àti Bàbá Àgbà wà lójú ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú lọ́rì tí wọ́n ń wà. Ìyá mi ló ké pe àwọn aládùúgbò, wọ́n bá a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Màmá Àgbà fúnra rẹ̀.

Akọ̀wé tó ń kọ káàdì lójú fèrèsé mọ ìyá mi. "Ìyàwó ilé Sístà," ó ní, "ẹ kúkú má tò. Ta lara rẹ̀ kò yá?"

"Ọkọ mi ni. Àbúrò bàbá àwọn ọmọ."

"Kí lorúkọ ọkọ yín?"

"Dúdúyẹmí ni mo ń pè é."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Orúkọ ìyàwó nìyẹn. Orúkọ bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Háà, bàbá ọkọ mi kẹ̀? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lè pè é."

"Ẹ̀yin ìyàwó ará Ìsẹ́yìn yìí," ló wí. Ó tún rẹ́rìn-ín, ó sì kọ Dúdúyẹmí sórí káàdì tuntun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró lójú fèrèsé yẹn díẹ̀. Ọkùnrin náà mọ̀. Ọmọ Yorùbá ni, ó ní ìyàwó nílé, ìyàwó rẹ̀ náà ní orúkọ tó ń pe àwọn àbúrò rẹ̀. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé orúkọ ìyàwó ni. Àwọn tó gbé Bọ̀ọ̀dá Làsísì wá dúró síbẹ̀, kì í ṣe ìyàwó ilé wa, kò bi wọ́n. Ká ní kò mọ̀ ni, ǹ bá dárí jì í. Ojú rere ló ṣe. Ó fẹ́ kí ará ilé Sístà tètè kọjá. Àpótí tí káàdì tí a fi bírò pupa kọ wà kò sì jìnnà sí i ju kó na ọwọ́ lọ. Ibẹ̀, láàárín káàdì kan àti èkejì, ni Bọ̀ọ̀dá Làsísì kú sí.

Nọ́ọ̀sì gba káàdì tuntun, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó funfun báláú. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílìn nítorí ẹsẹ̀ tó wú. Kí ìyá mi tó rí ibi jókòó sí, Bọ̀ọ̀dá Làsísì ti fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ara rẹ̀ mú. Oòrùn kò tíì wọ̀ tó fi kú.

Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ilé kéwú tí Màmá Àgbà fa ọwọ́ mi lọ ni mo ti kọ́ ọ, mo sì ń dúpẹ́ pé mo kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mímọ́ yìí náà ni gbogbo wọn sáré mú láti fi bo ìdí ara wọn. Àmúwá Ọlọ́run, akọ̀wé wí. Àmúwá Ọlọ́run, nọ́ọ̀sì wí. Dókítà tó ni ilé ìwòsàn tiẹ̀ pe Màmá Àgbà sí yàrá rẹ̀ nígbà tó dé láti Ìsẹ́yìn, ó fi ohùn tútù bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ẹni tó ti lọ ti lọ. Ó ní ṣebí ibà ló gbé e dé ibẹ̀, kí àwọn kúkú kọ ọ́ pé ibà ló pa á, kí orúkọ ilé ìwòsàn má baà bàjẹ́, òun náà ṣáà ni ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì.

Màmá Àgbà ní, "Dókítà, àdàpè ló pa ọmọ mi. Ẹ tún fẹ́ fi àdàpè sin ín."

Ó mú bírò lórí tábìlì dókítà, ó kọ ohun tó pa ọmọ rẹ̀ síbi tí ó yẹ kó wà, ó sì fi ìdè irin kékeré so káàdì méjèèjì pọ̀, èyí tó ní orúkọ àti èyí tó ní àdàpè. Àwọn ènìyàn rò pé yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Kí n lọ, kí ta ló máa wo àpótí?"

Ohun tó ṣe ní ilé ni mo fẹ́ kí ẹ rántí ju gbogbo èyí lọ.

Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ilé wa kún. Bàbá Ìsẹ́yìn ti dé pẹ̀lú àwọn àgbààgbà. Lẹ́yìn tí Àáfà ti wàásù, Bàbá Ìsẹ́yìn sọ̀rọ̀. Ó ní obìnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọmọ ilé lọ síbi tí wọ́n ti pa á, kò lè sùn nínú ilé náà mọ́. Kí ìyá mi kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀. Kí àwa ọmọ dúró. Bàbá mi tẹ orí ba. Bàbá Àgbà náà wo ilẹ̀. Mo di ìró ìyá mi mú, mi ò sì mọ ohun tí màá ṣe tí wọ́n bá ní kí n tú ọwọ́ mi kúrò.

Màmá Àgbà dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó wo Bàbá Ìsẹ́yìn lójú, ó ní, "Búsàrí."

Àwọn àgbààgbà gbé orí sókè.

Ó kọjú sí Bàbá Àgbà. "Sálámì Àkànní."

Obìnrin kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Àgbà wò ó bí ẹni tí omi tútù dà lé lórí.

"Láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ mi, mi ò pe orúkọ yín rí," Màmá Àgbà wí. "Mo ti pè é báyìí. Ṣé ilé wó?"

Ó na ọwọ́ sí ìyá mi.

"Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí kó má pe Làsísì ní Làsísì. Ṣíbí wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń kọ́ ọ. Kò gbàgbé ẹ̀kọ́ mi. Tí ẹ bá ń wá ẹni tó máa kó ẹrù, ẹrù mi ń bẹ ní yàrá, kò pọ̀."

Àáfà fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé, "Ìyá, ẹ ṣe sùúrù. Ohun tí Ọlọ́run ti kọ sílẹ̀ ni."

"Mo mọ̀, Àáfà. Màláíkà wà léjìká ọ̀tún, màláíkà wà léjìká òsì, wọ́n ń kọ̀wé. Orúkọ wo lẹ rò pé wọ́n kọ fún ọmọ mi? Màláíkà kì í kọ àdàpè."

Ó wá bá ìyá mi níbi tó jókòó sí. "Pe orúkọ rẹ̀."

Ìyá mi mi orí. Màmá Àgbà dúró. Ìyá mi fi ọwọ́ nu ojú.

"Làsísì."

"Orúkọ bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Sálámì," ìyá mi wí, ó sì bú sẹ́kún.

Màmá Àgbà kọjú sí àwọn àgbààgbà. "Ẹ gbọ́ bí mo ṣe tún bi í? Bí akọ̀wé yẹn ṣe yẹ kó tún bi í nìyẹn. Ẹ lọ lé òun."

Kò sí ẹni tó tún sọ pé kí ìyá mi kó ẹrù. Bàbá Ìsẹ́yìn padà lọ sílé lọ́jọ́ kejì, kò sì tún fẹnu kan oúnjẹ ilé wa títí ó fi kú. Màmá Àgbà ń gbé oúnjẹ náà ránṣẹ́ sí i lọ́dọọdún. Ìyá mi dúró, ó tọ́ wa dàgbà. Gbogbo ohun tí mo dà, inú ìdúró yẹn ló ti wá, Ọlọ́run ló sì fi Màmá Àgbà ṣe é.

Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń jókòó ti fèrèsé káàdì láàárọ̀ kó tó wọ wọ́ọ̀dù. Ìyàwó tó bá ní òun kò lè pe orúkọ, á ní kó pe ọmọ kékeré wá bá a pè é, tàbí kó sọ ọ́ sí òun létí. "Ìyá Ìbejì" kò tó fún un. "Ìyá Ìbejì pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ," á wí. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Orúkọ, òun tó kórìíra àdàpè. Obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ, tó máa ń wá gba oògùn níbẹ̀, tó bá rí i tó ń bọ̀, á ké sí àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì: "Mama Name don come o. Make everybody remember him papa." Màmá Àgbà nìkan kì í rẹ́rìn-ín.

Akọ̀wé náà wá sílé wa lọ́dún Iléyá kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ẹnu ọ̀nà. Màmá Àgbà jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Mo ti fi jì ọ́ nítorí Ọlọ́run. Má jókòó."

Nígbà tí àìsàn ti Màmá Àgbà fúnra rẹ̀ dé, èmi àti ìyá mi la mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Àpápá. Ojú rẹ̀ ti wà ní dídì, ó fi orí ti èjìká mi. Ọmọkùnrin tó wà lójú fèrèsé kò gbójú sókè. "Orúkọ màmá?"

Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti wọlé wa, Màmá nìkan ló ń pè é. Mo ti ya ẹnu láti bá a dáhùn. Ìyá mi fi ọwọ́ dá mi dúró, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́, ó sì sọ ọ́ sókè débi pé àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì yíjú:

"Ráliátù Àbẹ̀kẹ́ Sálámì."

"Ráfíátù?"

"Ráliátù. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ kà á fún mi."

Ọmọkùnrin náà kọ ọ́, ó kà á. Mo rò pé Màmá Àgbà ti sùn. Kò la ojú, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ mì.

"Ìyàwó mi," ó ní. "Ṣé ilé wó?"

"Kò wó, mà," ìyá mi wí.

Kí Ọlọ́run kẹ́ Ráliátù Àbẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àmín, kó kọ́kọ́ pe orúkọ náà.